Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Àtijọ́

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Ẹ kà á sí pé mo ti kúnlẹ̀. Orúnkún mi kò gbà fún mi mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà nílẹ̀ níwájú yín. Mo kí Gbádébọ̀ àbúrò mi, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí gbogbo ọmọ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó ń ka ìwé yìí sí yín létí, mo kí òun náà. Kó kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí gbogbo ilé gbọ́, kó má sì bá mi tún un kọ. Pírámárì mẹ́ta péré ni mo kà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yàrá mi ni mo fẹ́ dáhùn. Gbádébọ̀ pè mí lórí fóònù pé ọmọ òun ọkùnrin fẹ́ gbé ìyàwó wálé, pé kò sí yàrá mìíràn nílé àfi tèmi. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan yàrá tí wọ́n bí mi sí. Ó ní ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan kọ́. Ó ní láràárọ̀ ni ẹ̀yin ń gbá yàrá náà, pé ẹ máa ń kan ilẹ̀kùn, ẹ máa ń pe Àdùkẹ́, ẹ ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn á fi bá yín níbẹ̀, ẹ kò ní jẹun. Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo pa fóònù. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí.

Ẹ̀yin náà mọ oòrùn Sókótó, ẹ wá bá mi wẹ ọmọ níbí nígbà tí mo bí ọmọ mi, bàbá Mọrẹ́nikẹ́. Kò yí padà. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò wa ní Gawon Nama á dákẹ́, àwọn kẹ̀kẹ́ á wọ abẹ́ igi dóńgóyárò, ojú ọ̀nà á máa mì bí omi. Èmi á tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí mo ti ń lò láti ìgbà ọmọge. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé mo ti ní oníná, kí ni mo tún ń fi eléyìí ṣe. Mo máa ń sọ fún wọn pé tí iná bá lọ, kí wọ́n fi ẹ̀rín wọn rán aṣọ wọn.

Bí oorun ọ̀sán bá ti gbé mi, ibì kan náà ló máa ń gbé mi lọ. Màá rí ara mi tí mò ń bọ̀ láti ọjà Kara, níbi tí ọkọ mi ti ń lẹ táyà kí Ọlọ́run tó pè é. Eruku á máa fò. Nígbà tí eruku náà bá rọlẹ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá mi lọ́dọ̀ yín ni màá ti bá ara mi. Màá ṣílẹ̀kùn. Kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀, ilẹ̀ gbígbá lásán, ó mọ́, ó tutù. Màá máa wá ìkòkò omi mi, n kò ní rí i. Tí mo bá lajú, iyanrìn ló máa wà létè mi, Hajiya aládùúgbò mi á sì ti máa kí mi ní sannu, á ní ṣé ilé ni mo tún lọ. Ó ní ẹni tó ti pẹ́ ní Sókótó tó báyìí, Hausa ló yẹ kó máa fi lá àlá.

Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ ọmọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó ṣàlàyé fún mi pé èdè ni wọ́n fi ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, èyí tí òun ń lò ń jẹ́ Páítọ̀n, orúkọ ejò erè. Mo ní kí erè náà má ṣáà jáde sí pálọ̀ mi. Ó ní ojú ìwé kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń pè ní ẹ́dítọ̀, ibẹ̀ ni òun ń kọ èdè náà sí, tí nǹkan kan kò bá sì tọ́, á fa ìlà pupa sí abẹ́ rẹ̀ bíi tíṣà.

Lọ́jọ́ kan ó ní Páítọ̀n tuntun ti dé, òun ti gbé e wọlé, òun sì ti kó gbogbo irinṣẹ́ òun kúrò lọ́dọ̀ ti àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ tuntun. Ó ku kí òun yọ ti àtijọ́ dànù. Mo dìde. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Mo ní nínú ilé tèmi, wọn ò ní torí tuntun lé àgbà síta. Ó ní Màmá Àgbà, kì í mà ṣe ènìyàn. Mo ní kó fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Ó ní ó dáa mà, ó sì fi í sílẹ̀ ní òfìfo.

Nígbà tó jókòó sídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìlà pupa ti kún gbogbo ojú ìwé náà. Irinṣẹ́ yòówù tó bá dárúkọ, ẹ́dítọ̀ á ní òun kò rí i. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó yọ ẹ́dítọ̀ náà kúrò, ó tún un gbé wọlé. Ìlà pupa kò kúrò. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé Wamakko, ìyẹn ní bóyá nẹ́tíwọ̀kì ni. Ọ̀gá Mọrẹ́nikẹ́ ń retí iṣẹ́ náà, ọmọ náà kò tiẹ̀ wo ìrẹsì tí mo bù fún un. Mo jókòó tì í, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun alásárì ni mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá wò ó. Ní igun ìsàlẹ̀ ẹ́dítọ̀ náà, nọ́ńbà kékeré kan wà níbẹ̀, nọ́ńbà Páítọ̀n àtijọ́ ni. Ó ní kò sí ohun tó bàjẹ́. Ibi tí ẹ́dítọ̀ mọ̀ ló kàn ń lọ. Ó ń kan ilẹ̀kùn àtijọ́, inú yàrá ti ṣófo, ó ń pe àwọn irinṣẹ́ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò dáhùn, ó wá rò pé wọ́n ti sọnù. Wọn kò sì sọnù. Yàrá kejì ni wọ́n wà, ara wọn le. Mọrẹ́nikẹ́ tẹ nọ́ńbà náà, ó fi tuntun hàn án. Màmá, àwọn ìlà pupa yẹn ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń nu omi lójú ọmọ.

Ó wò mí, ó ní ká ní òun yọ ti àtijọ́ ni, ẹ́dítọ̀ ì bá ti tètè bi òun ní ibi tó yẹ kó lọ. Mo ní síbẹ̀, kò gbọdọ̀ yọ ọ́. Ó tún rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ni mò ń wò, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Màmá mi, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sí yàrá yẹn, ẹ̀yin láràárọ̀, èmi lójú oorun, a kò sì bá ara wa pàdé níbẹ̀ rí. N kò sọnù. Ìdí máṣíìnì mi ni mo wà, ara mi le. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún ìyàwó náà ní yàrá. Kó gbé ìkòkò omi síbẹ̀, kó tẹ́ ẹní, kó jẹ́ kí ilẹ̀ dọ̀tí díẹ̀. Tí ẹ bá kan ilẹ̀kùn, kó dá yín lóhùn, kó gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún yín. Owó tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí, owó ẹ̀kọ ni o, kí Gbádébọ̀ má fi ra sìmẹ́ǹtì. Kó má sì rò pé òun ló borí mi. Tí òjò bá dáwọ́ dúró tí ọ̀nà sì dára, màá wá, ẹ̀gbẹ́ yín gan-an ni màá sùn.

Ní ti pé ẹ fẹ́ pè mí, kí ìyàwó náà máa bá yín tẹ nọ́ńbà mi láràárọ̀. Bí ẹ ṣe ń pe Àdùkẹ́ níbi ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ pè é lórí fóònù.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀, oúnjẹ á máa dùn lẹ́nu yín. Mọrẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ kí yín, Hajiya náà ní kí n kí yín. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé, ẹ kí ìyàwó tí n kò tíì mọ̀, ẹ ní mo ní kó kú yàrá.

Èmi ni ọmọ yín tí yóò dáhùn,
Àdùkẹ́.