Èmi Ni Mo Ba Nọ́ọ̀tì Táyà Náà Jẹ́, Wàsíù Ni Wọ́n Dá Lẹ́bi

Èmi ni. Kì í ṣe Wàsíù. Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú mi, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí lórí péèjì yìí ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ádímìn, ẹ bá mi bo orúkọ mi o, àgbà ilé ni mí ní Lálúpọn níbí, Wàsíù tí mo pè yẹn náà kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an.

Dírẹ́bà ìjọba ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ lára mọ́tò. Àbúrò mi gbé ọkọ̀ tó fi ń kó gàrí wá sójúlé mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní Wàsíù mẹkáníìkì òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè wá pààrọ̀ ọ́ìlì, pé kí n dákun má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Bó ṣe ń páàkì, mo ti gbọ́ tí táyà ẹ̀yìn ń han, ni mo bá ní kí n tú u wò nígbà tó lọ sóko. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dì í mú. Méjì tú wọ́ọ́rọ́wọ́, méjì tó kù ti dípẹtà. Mo da kẹrosíìnì sí wọn, n ò ní sùúrù kó wọlé. Mi ò rí sípánà tó bá wọn mu, mo mú èyí tó tóbi díẹ̀, mo fi àkísà há a, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́... orí nọ́ọ̀tì méjèèjì bó, ó di roboto. Mo wá gbé irin àti òòlù, mo lù wọ́n títí wọ́n fi jáde, wọ́n sì kó eyín bóòtù tí wọ́n wé mọ́ dání. Ẹ sì mọ ohun tó ń han? Òkúta kékeré kan tó há síbẹ̀. Òkúta lásán!

Fóònù wà lápò mi, ṣé mi ò lè pe Wàsíù ni? Ojú ń tì mí. Mo fa okùn lára àpò gàrí, mo wé e mọ́ bóòtù tó ti bàjẹ́ kí nọ́ọ̀tì lè rí nǹkan dì mú, mo fi gírísì pa gbogbo rẹ̀ lójú. Ó dà bíi pé ó pé.

Wàsíù wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó lọ. Ní Wẹ́sìdeè, táyà yẹn yọ kí àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ tó wọ Ìbàdàn, ọkọ̀ já sí kòtò, ẹsẹ̀ ìyàwó náà kán. Alhamdulillahi, ẹ̀mí ò lọ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní. Wọ́n pe Wàsíù sí pálọ̀ mi kí n wá dá ẹjọ́ náà. Èmi! Ó ní òun ò fọwọ́ kan táyà. Àbúrò mi ní, ṣé àǹjọ̀nnú ló wá tú u ni? Gbogbo wọn ń wò mí... mo ní, “Wàsíù, oníṣẹ́ máa ń gbàgbé nígbà mìíràn.” Ọmọkùnrin yìí wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Bàbá, bóyá mo tú u ni, bóyá mo gbàgbé. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Ẹ gbọ́ mi, ohun tí kò ṣe ló ń tọrọ àforíjì lé lórí, nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́!

Kò sẹ́ni tó ń gbé mọ́tò lọ bá a mọ́. Gbogbo Jímọ̀ ló máa ń wá kí obìnrin náà, tí yóò pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù rẹ̀. Lánàá ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó ní òun ò ṣe mẹkáníìkì mọ́, pé ẹni tó bá lè gbàgbé táyà yóò pa èèyàn lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n mú èyí tó bá wù mí níbẹ̀, pé lọ́jọ́ Sátidé ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀. Ó ní kí n ṣàdúrà fún òun. Mo sì ṣe é, pẹ̀lú ẹnu yìí.

Òní ni Tọ́sìdeè. Tí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún gbé ẹjọ́ wá sílé mi? Àbúrò mi ń kọ́? Tí mi ò bá sì sọ ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ń lọ yẹn. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé: Wàsíù, àbúrò mi, àbí obìnrin tó ń fi ọ̀pá rìn yẹn, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún?