Mo Kọ Ẹ̀yìn sí Afẹ́fẹ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ilé-Ifẹ̀,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá pọ̀, ẹ̀rín ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ọmọ yín ti gun afẹ́fẹ́. Mi ò parọ́. Èmi tí ẹ bí sí Ifẹ̀, tí omi tó pọ̀ jù tí mo rí rí kò ju èyí tó máa ń dúró lójú títì ní Lágere lẹ́yìn òjò lọ, mo dúró lórí pákó lójú ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń gbé mi lọ.

Ilé-ìwé wa ló kó wa lọ. Àwa méjìlá láti SS2, fún ọjọ́ márùn-ún, ká lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbòkun wa ọkọ̀, ìyẹn aṣọ ńlá tó ń gba afẹ́fẹ́ sínú tó sì ń ti ọkọ̀ lọ. A tún fẹ́ kọ́ bí èèyàn ṣe ń dá dúró lórí pákó gbọọrọ kan tó ní ìgbòkun tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní wíńdísọ́ọ̀fù. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, wọ́n á mú un sínú ẹgbẹ́ tí yóò máa padà síbẹ̀ ní gbogbo ìsinmi. Bí tíṣà wa ṣe ka ibẹ̀ yẹn fún wa nínú fọ́ọ̀mù tí òbí máa buwọ́ lù, ọkàn mi ti dé Ẹ̀pẹ́, ara ló kù.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọkọ yín. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Bàámi ń tọ́jú mi bí ẹyin. Bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wọ bàtà pé ká lọ rí dókítà. Nígbà tí kíláàsì wa lọ sí Òṣogbo lọ́dún tó kọjá, ilé ni mo jókòó sí. Kódà Ìpetumodù tí mo fẹ́ lọ kí Ìyá Àgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Mi ò bá a wí. Mo mọ ohun tí ojú ẹ̀ rí ní ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́rin péré, ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn wọlé, ẹ ò sì fẹsẹ̀ ara yín rìn jáde mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni fọ́ọ̀mù náà fi wà lórí tẹlifíṣọ̀n kó tó buwọ́ lù ú. Àdéhùn ló sì fi buwọ́ lù ú: lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ ìparí, òun fúnra ẹ̀ á wá sí Ẹ̀pẹ́. Bó bá rí i pé mo lọ, tí mo sì dá ara mi padà wá sétí omi, kí n wọ ẹgbẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló ní láti lọ gbé mi wá, ọ̀rọ̀ omi tán nìyẹn títí n ó fi di ìyàwó ilé onílé.

Lọ́jọ́ kìíní, inú ọkọ̀ ni wọ́n kó wa sí, mẹ́rin mẹ́rin. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, síbẹ̀ mo di etí ọkọ̀ mú, mò ń gbàdúrà, àwọn tó kù ń ṣe àmín láìmọ ohun tí mo ń tọrọ. Kóòṣì wa, obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan tí kò ga tó yín àmọ́ tó ń fi ohùn nìkan darí ọkọ̀ mẹ́ta, bi wá pé ibo ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Màámi, ẹ bá rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan nawọ́ sí ìlà-oòrùn, ẹnìkan nawọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹnìkan tiẹ̀ nawọ́ sókè ọ̀run. Èmi ò mọ ìgbà tí mo ká ìborí kúrò létí. Mo rọra yí orí títí etí mi méjèèjì fi gbọ́ ọn dọ́gba, mo ní, "Ibí ni, Mà."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Màmá mi ni. Nídìí ẹ̀wà, ní Sábó."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, kóòṣì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá jókòó síwájú.

Ta ló kọ́ ẹ̀yin náà, Màámi? Mi ò bi yín rí. Gbogbo Sátidé la jọ ń fẹ́ ẹ̀wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń so àgbò mọ́, ẹ̀wà olóyin tó bá eruku àti ìyàngbò wá láti òkè Ọya. Ẹ ó ká gèlè kúrò létí, ẹ ó fi ìka méjì mú ìyàngbò díẹ̀, ẹ ó jẹ́ kó bọ́, ẹ ó wo ibi tó gbà. Bí afẹ́fẹ́ bá pẹ́ kó tó dé, ẹ ó máa bá a wí bí oníbàárà tó tú gbogbo ọjà wò tí kò sì fẹ́ rà: "Ṣé o ń bọ̀ ni, àbí kí n palẹ̀ mọ́?" Bó bá sì dé, ẹ ó gbé atẹ sókè, ẹ ó da ẹ̀wà sílẹ̀ wàràwàrà, ìyàngbò á fò lọ. Èmi, kíkùn ni mo máa ń kùn. Mo ní ó ń kó sí mi nírun. Mo ní bí mo bá dàgbà, mi ò ní fọwọ́ kan atẹ mọ́ láyé.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Sátidé tó kẹ́yìn yẹn, tí mo ní orí ń fọ́ mi, tí ẹ dá nìkan lọ. Orí ò fọ́ mi. Ṣé ẹ mọ̀? Mo rò pé ẹ mọ̀, torí ẹ ra bọ̀ọ̀lì bọ̀ fún mi nírọ̀lẹ́, ẹ ò sì bi mí léèrè orí. Ẹ forí jì mí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sójú omi. Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n gbé pákó jáde. Ohun àkọ́kọ́ tí kóòṣì sọ ni pé ká kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí ìgbòkun wà níwájú wa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lóhùn pé ẹ ti sọ ọ́ fún mi láti ọmọ ọdún méje, kí ìdọ̀tí má bàa kó sí mi lójú. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde dúró nínú gbogbo wa. Mo gbéra ga díẹ̀, kí n má purọ́. Àṣé ibi tí ìyọnu wà ni mi ò tíì dé.

Ẹ̀yin lẹ kó bá mi, Màámi! Ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá dé, à á da nǹkan sílẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ gidi bá dé, ọwọ́ mi á ju igi ìgbòkun nù bí ẹni da ẹ̀wà, pẹ̀ẹ̀, èmi náà á tẹ̀ lé e. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Èmi tí mo ṣubú sínú ọ̀sà, mi ò rí iwájú, mi ò rí ẹ̀yìn, omi nìkan ló wà lójú mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò mọ afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ṣe ń di nǹkan mú. Èmi mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń dé, mi ò mọ bí a ṣe ń gbà á lálejò.

Odindi Ọjọ́bọ̀ ni kóòṣì fi dúró tì mí lórí iyanrìn. "Fà á mọ́ra. Má jù ú. Ó ti ń bọ̀, fà á mọ́ra!" Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Nírọ̀lẹ́, mo gun pákó lọ síbi kẹ́ẹ̀gì pupa tí wọ́n fi ṣe àmì lójú omi, mo fò sókè nínú ara mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń bọ̀, ọwọ́ tún jù ú nù. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló lọ gbé mi wá. Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ni yóò sì mọ́ tẹ̀ lé e.

Bàámi dé ní aago mẹ́wàá, ó de bọ́tìnnì dé ọrùn, bàtà dúdú tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ ló wọ̀. Ó gbé kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ kan. Ẹ fojú inú wo ohun tó gbé lọ́wọ́ kejì: okùn àgbò! Okùn gígùn tí wọ́n ń tà ní Sábó, ó ká a rekete. Ó ní kí kóòṣì so ó mọ́ mi nídìí, kí òun di etí kejì mú. Kóòṣì kúnlẹ̀ kí i, ó wá ṣàlàyé pé okùn yẹn gan-an ló lè rì mí. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Bàámi wo omi, ó wò mí, ó fa okùn náà mọ́ àyà. "Ó dáa. N ó kàn dì í mú lásán."

Mo lọ. Lílọ kò le. Ìdí kẹ́ẹ̀gì pupa ni afẹ́fẹ́ ti kú tán, tí pákó ń jó lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo yí òpó ìgbòkun po, mo kọjú sílé. Etí mi gbọ́ ọn kó tó dé, èyí tó lágbára jù láti ọjọ́ tí a ti dé. Ìka mi ti ń ṣí. Mo pariwo mọ́ ọwọ́ ara mi, mo fà á mọ́ra, mo fi gbogbo ara rọ̀ sẹ́yìn. Màámi, kò jù mí! Ó gbé mi! Omi ń sá lábẹ́ mi, mò ń kígbe ayọ̀ bí ẹni tí orí ẹ̀ ti yí, ẹsẹ̀ mi ò sì yẹ̀ títí mo fi dé etí omi. Kò sẹ́ni tó lọ gbé mi wá.

Bàámi ti buwọ́ lù ú. Orí tábìlì kóòṣì ló ti buwọ́ lu ìwé ẹgbẹ́ náà, pẹ̀lú bàtà tó ń jo omi. Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ni mò ń padà lọ.

Ṣùgbọ́n mo fo ibì kan, mo fi pamọ́ dìgbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, mi ò gbọ́ oríkì yín lẹ́nu Bàámi mọ́. "Ìyá ẹ" ló kù tó ń pè yín. Nígbà tí mò ń sáré bọ̀ lójú omi, mo rí i tó wọ inú ọ̀sà dé orúnkún pẹ̀lú bàtà àti ṣòkòtò, okùn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó nawọ́ méjèèjì, ó ń ké, "Àjíkẹ́! Àjíkẹ́ o!" Gbogbo wa gbọ́. Òun náà gbọ́ ara ẹ̀, ó sáré fọwọ́ bo ẹnu. Mi ò fẹ́ kó bò ó. Ni mo bá jẹ́ ìpè náà fún yín, mo fi gbogbo ohùn mi jẹ́ ẹ: "Ẹ̀ẹ́n, mò ń bọ̀ o!"

Ó yọ ọwọ́ lẹ́nu, ó sì tún un pè.

Èmi ni, ọmọ yín kan ṣoṣo, tó fi àtẹ́lẹwọ́ bíbó kọ èyí sí yín, tìfẹ́tìfẹ́.