Etí Tí Yẹtí Ọba Kọ́kọ́ Ń Gbà Kọjá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Ìyá Yomoki

Ní ọdún tí ìlú fi okùn wọ́ ère orí ńlá tí a fi òkúta gbẹ́ nì gba inú irà kọjá ni a bí Ìyá wa, Yomoki, sí ilé Ìjòyè Tzanpoj, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu odò fún ọba. Ìyá tó bí wọn a máa sọ pé láti ọjọ́ tí Yomoki ti mọ̀ ọ́n rìn, kò jókòó mọ́.

Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́fà, a lu etí wọn méjèèjì, nítorí pé ọmọ ọba ti ń fẹ́ wọn sọ́nà, yẹtí òkúta ńlá sì ni ìyàwó ọba máa ń wọ̀. Lọ́dọọdún ni a ń ki igi tó tóbi ju ti èṣí lọ bọ ihò náà, títí ó fi gba àtàǹpàkò ọkùnrin. Ní ọdún tí odò kó àgbàdo lọ, ọba bínú sí Tzanpoj, ó rọ̀ ọ́ lóyè, ó gba yẹtí oyè tó wà létí rẹ̀, ìgbéyàwó sì fọ́. Ihò etí kò dí. Àwọn ẹgbẹ́ Ìyá ń pè wọ́n ní Ìyàwó Afẹ́fẹ́. Ó dùn wọ́n wọ egungun.

Pistin agbẹ́kúta ló fẹ́ wọn níkẹyìn, ó sì kọ́ wọn bí a ṣe ń fi okùn, yanrìn àti omi gé òkúta aláwọ̀ ewé. Agbẹ́kúta kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan etí ìjòyè, nítorí náà etí Ìyá ni a fi ń dán gbogbo yẹtí wò. Wọn á wọ̀ ọ́, wọn á mi orí lẹ́ẹ̀kan, wọn á yọ ọ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi ṣe é. Bí àwọn awọ́kúta, tó ń wọ́ òkúta wá fún wa, bá dé, Ìyá ló ń se ọbẹ̀ ìjàpá fún wọn, Ìyá kan náà á sì máa bú wọn pé ọwọ́ wọn kò yá.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá ń wá: kí wọ́n má wọ ilẹ̀ pẹ̀lú etí òfìfo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bẹ ààfin. Ìdáhùn ni pé ọmọ ẹni tí a rọ̀ lóyè kò tó yẹtí wọ̀.

Ní oṣù tó kọjá, yẹtí tuntun tí a ṣe fún ọba dé ọwọ́ wọn fún dídán. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kò tíì dán. Jama, àkọ́bí, ní, "Ìyá, ó ti dán tó. Ààfin ń retí yín." Ìyá ní, "Ṣé ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ ni? Gbé omi wá, jàre."

Láàárọ̀ ijẹta, a bá wọn lórí ẹní, ara wọn ti tutù, yẹtí ọba wà létí wọn méjèèjì.

Òfin ni pé yẹtí tí ikú bá létí ènìyàn kì í padà sí etí alààyè. Àwọn ìránṣẹ́ wá wò ó, ọba sì ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó kó gbogbo òkúta kúrò nílé iṣẹ́ wa, ọkàn wa kò sì balẹ̀ bí a ṣe dúró síhìn-ín yìí. Ẹ̀yin èrò ń bi wá bóyá Ìyá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìyá ló kọ́ wa ní òfin yẹn.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, Jama, Tuwi àti Kumay, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje.

Ẹ sùn re o, Ìyá. Kò sẹ́ni tó tún lè yọ yẹtí létí yín.