Ihò Tí Bọ́lá Dí Níwájú Ilé Wa

Ọjọ́ Ẹtì, Jápárà

Ọkọ mi yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa mí.

Bọ́lá ọmọ wa, tó ń kọ́ nípa ọ̀nà ṣíṣe ní Àgọ́-Ìwòyè, ló dí ihò iwájú ilé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó yọ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mọ́ ọ̀dà àti òkúta, ó dà á síbẹ̀. Èmi ni mo ṣa ọ̀rá yẹn jọ lẹ́yìn ìsìn, tí àwọn ará ìjọ ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Kí Bọ́lá tó padà sílé ìwé, ó ní kí bàbá òun bá òun mójú tó o. Lọkọ mi bá to òkúta yí i ká, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ dábùú rẹ̀, ó ń lé ọlọ́kadà, ó ń lé ewúrẹ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tiẹ̀ gan-an, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló ń gbà.

Bọ́lá dé lónìí, ó rí òkúta náà. “Bàámi, mo fẹ́ kí mọ́tò máa gùn ún ni. Tí kò bá sí ẹni tó gùn ún, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó lágbára? Àwọn olùkọ́ mi ń bọ̀ wá wò ó.”

“Kí wọ́n máa gun iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi?” ni bàbá rẹ̀ wí.

Ṣùgbọ́n ó kó òkúta náà kúrò. Ó gbé èmi àti Bọ́lá sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin tó máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ńṣe ló rọra bí ẹni tó gbé ẹyin.

Bí a ṣe kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ojú ibẹ̀ títí.

“Kò dùn ún,” ló wí fún Bọ́lá.