Gèlè Ìyá Mi àti Eré Ọjọ́ Kẹta Iléyá

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Jọ́ọ̀sì níbí, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù bí ẹni dọ̀bálẹ̀ sínú odò. Mo kí Bàbá, mo kí àwọn ìyá mi yòókù nínú agbo ilé, mo sì kí Ìyá Àgbà, tí wọn kì í gbọ́ àfi ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà yìí gbà wá. Gàníyù aránṣọ, ọmọ Ìfọ́n, ló ń ka lẹ́tà mi fún yín, òun náà ló sì ń bá yín kọ èsì. Ọ̀rọ̀ tòní kàn án, n kò fẹ́ kí ó fo ìlà kankan. Ẹ jẹ́ kí tíṣà kan kà á fún yín.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, tí n kò lè wálé, ẹ kọ̀wé sí mi pé Gàníyù ló gba ipò kìn-ín-ní nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìlobù àti Ìfọ́n sáré ọjọ́ kẹta. Ẹ ní inú yín dùn débi pé ẹ tú gèlè orí yín, ẹ fi nu òógùn ojú rẹ̀. Ẹ tún ní ó ṣe yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí i. Ìyá mi, mo mọ̀ pé Ìfọ́n ni wọ́n ti bí yín. Ṣùgbọ́n Ìlobù ni ẹ ti bí mi. Ṣé gèlè tí mo rà ránṣẹ́ sí yín ni? Lẹ́tà náà kò sọ.

N kò jowú o. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ni.

Àwòrán ihò kùsà ni mò ń yà níbi iṣẹ́, ìjókòó pọ̀ níbẹ̀, ikùn mi sì ti ń yọ. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀la ni mo máa ń sáré. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òtútù á ní kí n padà sábẹ́ kúbùsù, ó di ọ̀la nìyẹn. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀la kò níí dé, mo fi èédú fa ìlà sára ògiri, ìlà kan fún Jímọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó kù kí Iléyá dé, bí Jímọ̀ọ́ kan bá sì ti kọjá, mo ń pa ìlà kan rẹ́. Mo lẹ lẹ́tà yín mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ọ̀gángán ibi tí ojú mi ń là sí. Bó ti wù kí òtútù mú tó, tí mo bá ti ka ibi tí gèlè wà, ẹsẹ̀ mi á ti kan ilẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọlọ́dẹ ibi iṣẹ́ wa rò pé olè ni mí, ó sì lé mi. Ọjọ́ yẹn ni mo tíì sáré dáadáa jù. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó bá mi sá, kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àfi bí Bàbá Súlè olóbì ṣe ti ibí dé ilé, tó ròyìn fún yín pé eré òwúrọ̀ ti mú mi rù, pé egungun ọrùn mi ti yọ síta. Ẹ sunkún. Ẹ kọ̀wé pé kí n má sáré kankan, kí n wá jẹun. Gàníyù wá fi tirẹ̀ kún un nísàlẹ̀, pé òun ń kí mi, pé kí n sinmi, òun á máa tọ́jú yín. Mo lẹ ìyẹn náà mọ́ ògiri. Mo ti ń jí ṣáájú àkùkọ báyìí.

Ìyá mi, ara mi le. Èlùbọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ìlà mẹ́ta péré ló kù lára ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá wálé wá bá wọn sáré lọ́jọ́ kẹta, ẹ má dúró síbi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí eré ti ń parí ni kí ẹ dúró sí. Bí mo bá ṣe ipò kẹwàá, ẹ má tú gèlè. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ pe orúkọ mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti Gàníyù pàápàá.

Èmi ni ọmọ yín, èyí tí ẹ bí gan-an,
Ràṣídì.