Òwú Ìwúre Tí Mo Gé Lọ́wọ́ Ọkọ Rẹ

Èmi Chanpen, olùkọ́ ní abúlé Nong Sim, ni mo ń kọ èyí. Bàbá Khamsing ló ń sọ̀rọ̀, nítorí kò mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ obìnrin kò sì fẹ́ gbóhùn rẹ̀ mọ́. Ó ní n kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ òun ṣe.

Bualai, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo ń tọrọ kí ara rẹ le, kí iṣẹ́ aṣọ rírán ní Bangkok má sì ba ojú rẹ jẹ́. Ara ìyá rẹ le. Tèmi náà le, inú mi nìkan ni kò dùn.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ dé etí mi. O ní ìlara ni mo fi gé òwú ìwúre tí o so mọ́ ọkọ rẹ lọ́wọ́, àti pé o kò ní wálé fún ọdún omi tí a fi ń kí ọdún tuntun káàbọ̀. Ìlara wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Èmi ni mo kọ́ Phut ọkọ rẹ níṣẹ́ irin. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, èyí tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè máa gbẹ́ ẹ, Thongdi, ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa, ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Phut máa lo èyí, ojú yín ti ń rẹ̀." Ta ló sọ fún un? Ṣé òun ló ń bá mi fi ojú náà ríran ni?

Lọ́jọ́ tí a ṣe ìwúre fún un nítorí ẹ̀rọ yẹn, kí o tó padà sí Bangkok, ìwọ àti ìyá rẹ so òwú funfun mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo abúlé so ó, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgúnpá. Mo jókòó tì í, mo na ọwọ́ tèmi díẹ̀. O fò mí kọjá. Oúnjẹ pàápàá, òun ni o kọ́kọ́ gbé e fún. Mo rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ òwú yẹn dé ìdí ẹ̀rọ, etí òwú náà ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń yí. Mo ní, "Phut, tú u."

Ó ní, "Bàbá, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ fẹ́ kí oríire mi lọ ni?"

Mo ní òrùka kì í dé ibẹ̀, ìbọ̀wọ́ kì í dé ibẹ̀, apá aṣọ gígùn kì í dé ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Wọn ò so tiyín, òun ló ń dùn yín."

Ó dùn mí lóòótọ́. Mo pa ẹ̀rọ. Nígbà tó dúró pátápátá, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé a kì í gé e, títú là ń tú u. Ṣé ó jẹ́ kí n tú u ni?

Èyí tí ọkọ rẹ kò sọ fún ọ nìyí. Inú bí i, ó tan ẹ̀rọ padà. Díẹ̀ nínú òwú náà ti bọ́ sórí irin. Kí a tó ṣẹ́jú, irin ti wé e mọ́ra bí okùn, ó fa àkísà tó wà nítòsí mọ́ ọn, ó sì fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Phut wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó jáde lọ jókòó síta.

Mo ṣì ń jowú rẹ̀. Bí mo bá rí i nídìí ẹ̀rọ yẹn, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ apá kan ṣoṣo ni yóò fi gbé ọmọ tí ẹ ó bí. Wá sílé. Bí o bá fẹ́ bú mi, wá bú mi lójú.

Ọ̀nà rẹ yóò là, abẹ́rẹ́ kò ní gún ọ, ẹni rere ni yóò máa pàdé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò tíì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà,
Khamsing

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo ní kí Chanpen ka lẹ́tà yìí sókè níwájú ọkọ rẹ. Bí mo bá purọ́, kó má fọwọ́ sí i.

Àmì àtàǹpàkò Khamsing.
Ẹlẹ́rìí: Thongdi, ọ̀gá ilé iṣẹ́ irin.
Ẹlẹ́rìí: Phut. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ èyí sábẹ́ orúkọ rẹ̀: "Wá sílé. Bàbá ò purọ́."