Tamsin Lọ Fa Agogo ní Yọ́ọ̀kì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹwàá
Àwọn alágogo Yọ́ọ̀kì ti dáhùn: kí Tamsin ọmọ mi máa bọ̀, okùn agogo kan wà fún un. Mo jó yípo ilé ìdáná.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹwàá
A ti dé. Òjò. Yàrá wa ní ilé àlejò kò gba ẹni tó sanra, ṣùgbọ́n a ń rí ṣọ́ọ̀ṣì tó ti máa fa agogo láti ojú fèrèsé. Ọ̀gá Kékeré — ọmọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń pàṣẹ fún mi bí ìyá ọkọ — kò wo nǹkan mìíràn. Mo ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún, kò jẹ ẹ́ tán. "Mọ́mì, agogo mẹ́jọ ni! Mẹ́jọ!" Mẹ́ta péré ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa, ọ̀kan nínú wọn sì ti sán. Ibẹ̀ ló ti kọ́ agogo fífà, lọ́dọ̀ Màmá Outhwaite, alágogo wa. Okùn agogo lè gbé àgbàlagbà tí kò mọ̀ ọ́n fà kúrò nílẹ̀. Ọmọ mi, tí wọ́n ń gbé àpótí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó okùn, kò tíì ṣubú rí. Mo ń fi í yangàn. Ó dáa, mo ti sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá
Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi ti dé.

A gun ilé gogoro wọn láàárọ̀ — àtẹ̀gùn òkúta, tóóró, ó ń yípo. Ọ̀gá àwọn alágogo ni Ọ̀gbẹ́ni Wardle. Irùngbọ̀n ni mo sọ ọ́, torí irùngbọ̀n rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó bi Tamsin pé kí ló lè fà. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè yìí nílẹ̀ yìí. Ẹni tó ti fa agogo títí tó fi hu ewú á ní, "Díẹ̀díẹ̀ ṣá, mò ń gbìyànjú." Tamsin ti ń la ẹnu. Èmi ni mo já a gbà: "Áà, kò sí èyí tí kò lè fà!"

Obìnrin kan nínú àwọn alágogo ń wo bàtà ara rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa nígbà yẹn. Lọ́la, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, wàá fa agogo kẹfà. A máa ń yí ipò àwọn agogo padà lemọ́lemọ́ o, èyí tó dún ṣáájú á di ìkẹyìn." Wọ́n ní ìgbéyàwó wà lọ́sàn-án, kò sáyè láti dán an wò. Ọmọ tí kò fa ju agogo mẹ́ta lọ rí!

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló kọjú sí mi. "Mọ́mì, ta ló rán yín níṣẹ́? Tí mo bá dà á rú lọ́la, gbogbo ìlú ló máa gbọ́ ọ. Mi ò tún ní fọwọ́ kan okùn mọ́ láyé mi!" Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ra kéèkì. Kò wò ó.

Ìrọ̀lẹ́ — ó ti so bẹ́líìtì aṣọ ìwẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń fà á, ó ń ka nọ́ńbà sínú. Kọ́bọ́ọ̀dù ń ké. Ẹni tó wà ní yàrá kejì ń gbá ògiri. Bí ọmọ yìí bá fi agogo sílẹ̀ nítorí ẹnu mi, n kò ní dárí ji ara mi.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá
Ó ní kí n má gòkè. "Ẹ dúró sísàlẹ̀, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́." Mo dúró lójú títì, èmi àti agboòrùn mi.

Irùngbọ̀n ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè fún mi lẹ́yìn náà. Tamsin kò tíì bọ́ kóòtù tó ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: "Màmá mi bù mọ́ ọn. Agogo mẹ́ta ni mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fa èyí tó kéré jù, ká má yí ipò." Kò sẹ́ni tó fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n wá àpótí fún un. Ẹni tó bá di agogo kékeré mú ló sì ń pàṣẹ fún àwọn yòókù, torí náà ọmọ mi ló ké sí àgbàlagbà méje: "Ẹ múra! Agogo kékeré ń lọ… Ó ti lọ!"

Mo gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Èyí tó kéré jù, èkejì, títí dé baba wọn, wọ́n ń tẹ̀léra dáadáa. Omi bọ́ lójú mi. Lójijì, méjì kọlu ara wọn, ẹ̀kẹta kó sí i, ó dàrú. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ọkùnrin kan tó ń fa ajá kọjá ní, "Wọ́n ti bà á jẹ́ lónìí."

Lókè, Tamsin ń sọ pé: "Èmi ni mo ṣì í. Mo yára jù. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Agogo kékeré tún dún. Wọ́n tẹ̀lé e. Wọ́n fà á dé òpin. Mo di alájá náà mú lápá: "Ọmọ mi nìyẹn! Èyí tó ń ṣáájú!" Ó ní, "Ẹ kú oríire, màdáámù. Ajá mi ò fẹ́ràn ẹ̀ ni."

Tamsin sọ̀ kalẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. "Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ṣì í?" Mo ní mo gbọ́. "Gbogbo ìlú gbọ́!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó jẹ oúnjẹ tirẹ̀, ó jẹ tèmi mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá
Gbogbo ọ́fíìsì mi ti gbọ́. Ibi tó ti ṣì í ni mo kọ́kọ́ ń sọ.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá
Irùngbọ̀n pè. Ó ní Tamsin lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó padà wá ní Àbámẹ́ta tó máa parí oṣù, kí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí ipò. Mo ti ń wá ilé àlejò lórí fóònù nígbà tó fọwọ́ bà mí léjìká. "Mọ́mì, èmi nìkan ni. Ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Wardle máa pàdé mi ní sítéṣọ̀n." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó má bàa dùn mí.

Ó dùn mí. Inú mi sì dùn dé ibi tí mo fi sunkún. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Ẹyọ kan.